Yàrá kan fún ènìyàn mẹ́jọ: báwo la ṣe lè fi àgọ́ àhámọ́ ìgbà ogun han ọmọ JSS 2?

Tíṣà Àjàrá

Ẹ kú ìrọ̀lẹ́ o, ẹ̀yin èèyàn wa.

Ẹgbẹ́ onítàn ilé ẹ̀kọ́ kan níbí ní Àgbádárìgì ń múra àfihàn ìparí sáà. Ọ̀rọ̀ tí wọ́n yàn ni ti àwọn ọmọ tí ìran wọn ti Japan wá, tí ìjọba Amẹ́ríkà kó kúrò nílé lọ sí àgọ́ àhámọ́ nígbà Ogun Àgbáyé Kejì. A kò fẹ́ páálí tí ìwé kún ara rẹ̀ bámúbámú tí ẹnikẹ́ni kò ní kà. Yàrá la fẹ́ kọ́ sínú gbọ̀ngàn, kí ọmọ wọ ibẹ̀, kí ó jókòó, kí ó mọ ohun tí ọmọ ọdún mẹ́wàá bá níbẹ̀ lọ́jọ́ tó dé.

Ọmọ 32 ni wọ́n. Gbọ̀ngàn náà gùn ní mítà 12, ó fẹ̀ ní mítà 9. Pákó àlòkù wà, páálí wà, aṣọ dúdú wà, bẹ́ǹṣì sì pọ̀. Báwo ni yàrá wọn ṣe tóbi tó? Kí ló wà nínú rẹ̀? Kí ni wọ́n gbà kí ọmọdé gbé dání? Ẹnì kan dábàá pé kí a wọ kimono, aṣọ ìbílẹ̀ Japan, fún àwọn ọmọ, ẹlòmíràn ní kí a yá ṣẹ́kẹ́ṣẹkẹ̀ lọ́dọ̀ àwọn tó ń fi ìtàn òwò ẹrú ṣeré. Ọkàn mi kò balẹ̀ sí méjèèjì. Ẹ jọ̀ọ́, kí ẹni tó mọ̀ ọ́n dunjú ràn wá lọ́wọ́.

Gbẹ́nàgbẹ́nà

Tíṣà, ẹ kú iṣẹ́ ọmọ. Àgọ́ Manzanar ní California ni kí ẹ fi ṣe àwòkọ́ṣe, torí ìwọ̀n ibẹ̀ rọrùn láti dà kọ.

Bárékè kan níbẹ̀, ìyẹn ilé pákó gígùn, fẹ̀ ní ẹsẹ̀ bàtà 20, ó gùn ní 100. Wọ́n dá a sí yàrá mẹ́rin, yàrá kọ̀ọ̀kan sì jẹ́ ẹsẹ̀ bàtà 20 sí 25, ìyẹn mítà 6.1 sí mítà 7.6. Ènìyàn mẹ́jọ ni wọ́n ń kó sínú ọ̀kan. Ìdílé tí kò bá pé mẹ́jọ, wọ́n á fi àwọn tí kò mọ̀ rí kún un. Ẹ pín yàrá yẹn sí ọ̀nà mẹ́jọ: ohun tó kan ẹnì kan kò tó ẹsẹ̀ bàtà mẹ́jọ sí mẹ́jọ, bẹ́ẹ̀dì, ẹrù àti ibi ìrìn sì wà nínú rẹ̀. Gbọ̀ngàn yín gbà á, á sì tún ṣẹ́ mítà 4.4 kù ní gígùn fún ẹnu ọ̀nà àti ibi tí àwọn tó kù yóò ti dúró. Ọmọ 32 jẹ́ ọ̀wọ́ mẹ́rin, mẹ́jọ-mẹ́jọ, ó bá iye ènìyàn inú yàrá mu wẹ́kú.

Ẹ fi okùn àti ṣọ́ọ̀kì sàmì sílẹ̀ kí ẹ tó gbá ìṣó kankan. Kí igun má baà wọ́, ẹ wọn mítà 3 lẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, mítà 4 lẹ́gbẹ̀ẹ́ kejì. Bí ẹ bá ta okùn láti ìparí ọ̀kan sí ìparí èkejì, ó gbọ́dọ̀ jẹ́ mítà 5 géérégé. Nígbà tí ẹ bá sàmì tán, yàrá náà á tóbi lójú yín, ẹnì kan á sì ní kí ẹ dín in kù kí ó lè fún mọ́ra. Ẹ má dá a lóhùn. Ilẹ̀ òfìfo máa ń tan ojú jẹ. Ẹ kọ́kọ́ gbé bẹ́ẹ̀dì mẹ́jọ sí i ná, ẹ ó rí i.

Bẹ́ẹ̀dì ológun tó ṣeé ká ni wọ́n lò. Bẹ́ǹṣì méjì tí ẹ so pọ̀ lè dúró fún ọ̀kan, bí ó bá ti gùn tó mítà 1.9, tí ó sì fẹ̀ tó sẹ̀ǹtímítà 70. Tìmùtìmù wọn jẹ́ àpò aṣọ. Ọ̀pọ̀ ènìyàn, àpò òfìfo ni wọ́n nà sí wọn lọ́jọ́ tí wọ́n dé, wọ́n ní kí wọ́n lọ ki koríko gbígbẹ sí i fúnra wọn. Ẹ lo àpò aṣọ, ẹ má lo àpò ìrẹsì ọlọ́ràá tó ń dún gbàràgbàrà. Koríko náà ní láti gbẹ dénú: ẹ sá a sóòrùn fún ọjọ́ mẹ́ta, ẹ máa yí i padà. Èyí tó bá ṣì tutù á bu, eruku rẹ̀ kò sì dára fún ọmọ tó ní ikọ́ fée. Ẹ ki koríko sínú ẹyọ kan kí wọ́n lè fọwọ́ kàn án kí wọ́n gbóòórùn rẹ̀, kí ẹ fi bébà ìròyìn ki méje tó kù.

Lẹ́yìn bẹ́ẹ̀dì, tìmùtìmù àti kúbùsù, ohun tó tún wà nínú yàrá kò ju sítóòfù elépo kan àti gílóòbù iná kan tó rọ̀ láti òkè lọ. Kò sí àga. Kò sí tábìlì, kò sí kọ́bọ́ọ̀dù, kò sí ẹ̀rọ omi. Àga tàbí ṣẹ́ẹ̀fù tó bá wà níbẹ̀ lẹ́yìn náà, bàbá ilé ló fi àjẹkù pákó kàn án. Nítorí náà, ẹ má jẹ́ kí àga kankan wọ yàrá yín, olùkọ́ tó bá rẹ̀ kó jókòó sórí bẹ́ẹ̀dì.

Ògiri ni mo fẹ́ kí ẹ fara balẹ̀ sí. Pákó tútù ni wọ́n fi kọ́ àwọn bárékè náà, wọ́n sì fi ìkánjú kọ́ wọn. Pákó tútù tó bá gbẹ lẹ́yìn tí wọ́n ti kàn án yóò sún kì, àlàfo á sì yọ láàárín. Bébà tí wọ́n rẹ sínú ọ̀dà dúdú, irú ọ̀dà ojú títì, ni wọ́n fi bo ìta. Aṣálẹ̀ sì ni Manzanar, ooru á mú gidi nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, omi á sì dì nígbà òtútù. Afẹ́fẹ́ ń gbé yanrìn gba àárín pákó àti ihò ojú igi tó wà ní ilẹ̀ yàrá wọlé. Ọmọ á jí láàárọ̀, yanrìn ti bo kúbùsù rẹ̀. Ìdérí agolo oúnjẹ ni wọ́n ń kàn bo àwọn ihò náà.

Ẹ ṣe é báyìí: ẹ fi àlàfo sẹ̀ǹtímítà kan sílẹ̀ láàárín pákó kan sí èkejì ní ògiri kan ṣoṣo, ẹ fi aṣọ dúdú bo ìta rẹ̀ láìfún un mọ́, kí fáànù kan máa fẹ́ láti ẹ̀yìn. Ìyẹn ti tó. Ẹ má da yanrìn gidi sílẹ̀, ojú ọmọ ni yóò wọ̀. Ẹ kan ìdérí agolo mẹ́fà tàbí méje mọ́ pákó kan tí ẹ tẹ́ sílẹ̀, ṣùgbọ́n ẹ fi òòlù tẹ etí rẹ̀ pa kí ẹ tó kàn án, torí abẹ ni etí agolo.

Nínú ọ̀pọ̀ àgọ́, ògiri tó wà láàárín yàrá sí yàrá kò kan òrùlé. Ọ̀rọ̀ tí tọkọtaya ń sọ lóru ń dé etí ará ilé kejì. Ẹ gbé fóònù kan sẹ́yìn aṣọ dúdú, kí ikọ́ àti ẹkún ìkókó máa dún jẹ́ẹ́ níbẹ̀. Ẹ má sọ fún àwọn ọmọ ibi tó ti ń wá.

Ìyá Ìbejì

Gbẹ́nàgbẹ́nà, ẹ kú làákàyè. Ti yàrá ti dé ibi tó dára. Ṣùgbọ́n Tíṣà, ẹ jẹ́ kí àfihàn yín bẹ̀rẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà, torí ìgbà tí ọmọ dé yàrá, ohun tó burú ti kọjá ní ìdajì.

Ọjọ́ 7 oṣù Kejìlá 1941 ni àwọn ọkọ̀ òfuurufú Japan ju bọ́ǹbù sí Pearl Harbor, ibùdó ọkọ̀ ojú omi ogun Amẹ́ríkà. Ní ọjọ́ 19 oṣù Kejì 1942, Ààrẹ Roosevelt fọwọ́ sí àṣẹ 9066, èyí tó fi àyè sílẹ̀ fún ìkólọ náà. Àwọn ará erékùṣù Bainbridge, ní ìpínlẹ̀ Washington, ni wọ́n kọ́kọ́ kó: àṣẹ tiwọn jáde ní ọjọ́ 24 oṣù Kẹta, wọ́n sì wọ ọkọ̀ ojú omi ní ọjọ́ 30. Ọjọ́ mẹ́fà. Láàárín ọjọ́ mẹ́fà yẹn ni wọ́n ní láti ta oko àti ọkọ̀ wọn, kí wọ́n sì wá ẹni tí yóò gba ajá. Ìwé àṣẹ tí wọ́n lẹ̀ mọ́ ògiri àti òpó iná sọ pé ó kan gbogbo ẹni tí ìran rẹ̀ ti Japan wá, "àjèjì àti ẹni tí kì í ṣe àjèjì". Ọmọ onílùú ni "ẹni tí kì í ṣe àjèjì" yẹn. Wọn kò fẹ́ pè é ní orúkọ rẹ̀. Ẹ kọ gbólóhùn yẹn gàdàgbà sẹ́nu ọ̀nà, kí àwọn ọmọ fúnra wọn bi yín léèrè ìtumọ̀ rẹ̀.

Táàgì ńkọ́, ìyẹn páálí tí wọ́n kọ nọ́ńbà sí? Olórí ìdílé ló lọ forúkọ sílẹ̀, nọ́ńbà kan ni wọ́n sì fún un. Nọ́ńbà kan náà ni wọ́n so mọ́ ẹ̀wù bàbá, ìyá, ọmọ àti ìkókó, òun náà ni wọ́n so mọ́ ẹrù. Ibi tí àwọn ilé ẹ̀kọ́ ti máa ń ṣì í nìyí: wọ́n á fún ọmọ kọ̀ọ̀kan ní nọ́ńbà tirẹ̀, bíi ti ẹlẹ́wọ̀n. Nọ́ńbà mẹ́jọ péré ni ẹ nílò fún ọmọ 32. Kí ọ̀wọ́ kọ̀ọ̀kan gba méjì, ọmọ márùn-ún lórí nọ́ńbà kan, mẹ́ta lórí èkejì. Bí wọ́n bá dé inú yàrá, ìdílé méjì tí kò mọ ara wọn rí ni yóò bá ara wọn níbẹ̀, bó ṣe rí gan-an nìyẹn. Ẹ gé páálí ní sẹ̀ǹtímítà 6 sí 12, ẹ lu ihò sókè rẹ̀, ẹ fi okùn tẹ́ẹ́rẹ́ so ó mọ́ bọ́tìnì àyà. Ẹ má so ó mọ́ ọrùn ẹnikẹ́ni, ọmọ lè fa ti ẹnìkejì rẹ̀ níbi eré.

Àṣẹ náà sọ ohun tí wọ́n gbọ́dọ̀ gbé: aṣọ ibùsùn (láìsí tìmùtìmù), ohun ìwẹ̀ àti ìfọyín, ààrọ̀ aṣọ, ọ̀bẹ, fọ́ọ̀kì, ṣíbí, àwo, abọ́ àti ife fún ẹnì kọ̀ọ̀kan, àti àwọn ohun kòṣeémánìí tí ó bá kù. Ohun tí ọwọ́ wọn bá lè gbé nìkan. Ẹran ọ̀sìn kò gbọ́dọ̀ bá wọn lọ. Wọ́n ti fòfin de kámẹ́rà àti rédíò tó ń gbọ́ ilẹ̀ òkèèrè.

Ẹ gbé àpótí kan tó gùn ní sẹ̀ǹtímítà 60 sórí tábìlì, kí ẹ kó dúkìá tó pọ̀ ju ohun tí àpótí lè gbà lọ sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀: àwọn ohun dandan tí mo kà yẹn, lẹ́yìn náà bọ́ọ̀lù, ìwé ìtàn, àwòrán ìyá àgbà, ìlù kékeré, ajá tí ẹ fi aṣọ rán. Ìṣẹ́jú mẹ́rin ni kí ẹ fún ìdílé kan. Ẹ má bá wọn yàn. Kúbùsù àti abọ́ á ti gba àyè tán kí wọ́n tó kan bọ́ọ̀lù.

Norman Mineta jẹ́ ọmọ ọdún mẹ́wàá nígbà tí wọ́n kó ìdílé rẹ̀ ní San Jose. Aṣọ ẹgbẹ́ Síkáòtù àwọn ọmọdé ló wọ̀ lọ sí ibùdókọ̀ ojú irin, ó mú igi bésíbọ̀lù rẹ̀ dání. Sọ́jà gba igi náà lọ́wọ́ rẹ̀, ó ní ohun ìjà ni. Àgọ́ Heart Mountain ní Wyoming ni wọ́n kó wọn lọ nígbẹ̀yìn. Ọmọ yẹn ló wá di mínísítà fún ọ̀rọ̀ ìrìnnà ní Amẹ́ríkà. Igi bésíbọ̀lù kan tí ẹ fi sílẹ̀ lórí ilẹ̀ lẹ́yìn tábìlì ti tó láti sọ èyí.

Ọ̀kan tó kù: ẹ má lo báàgì Ghana-Must-Go. Báàgì yẹn ní ìtàn tirẹ̀ lójú títì Sẹ̀mẹ̀ níbí láti oṣù Kìíní 1983 tí ìjọba wa lé àwọn ará Ghana, ibẹ̀ ni ọkàn gbogbo ẹni tó bá rí i yóò lọ.

Ọmọ Pópó

Ẹ̀yin àgbà, ẹ má bínú o. Ṣé kò ní dáa kí wọ́n fi ti Ghana kún un? Oṣù Kọkànlá 1969, ìjọba Busia fún àwọn àjèjì tí kò ní ìwé ní ọ̀sẹ̀ méjì péré. Yorùbá ló pọ̀ nínú àwọn tó kó ẹrù bọ̀, ọ̀pọ̀ ọmọ wọn ni wọ́n sì bí sí Ghana. Àwọn ọmọ wa á tètè mọ̀ ọ́n lára.

Bàbá Ìwé

Ọmọ Pópó, òótọ́ lo sọ, ó sì yẹ kí wọ́n ṣe é. Ṣùgbọ́n kí wọ́n fi sáà mìíràn ṣe é. Kò sí àgọ́ nínú ti Ghana, yàrá yìí kò sì ní lè sọ ìtàn méjèèjì.

Tíṣà, ẹ gbọ́. Kimono kò gbọ́dọ̀ wọ ibẹ̀ rárá. Ẹ wo àwòrán àwọn ọmọ tó wọ táàgì: kóòtù, fìlà, bàtà tó ń dán, aṣọ tí wọ́n ń wọ̀ lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì lọ́jọ́ Àìkú. Òyìnbó ni wọ́n ń sọ níléèwé, bésíbọ̀lù ni wọ́n ń gbá. Ó tó 120,000 ènìyàn tí wọ́n kó, ìdá méjì nínú mẹ́ta wọn ni wọ́n bí sí Amẹ́ríkà, tí wọ́n sì jẹ́ ọmọ onílùú lábẹ́ òfin. Àwọn òbí wọn tó wá láti Japan kò lè di ọmọ onílùú bó ti wù kí wọ́n pẹ́ tó níbẹ̀, torí òfin kò gbà wọ́n láàyè títí di 1952. Ìjọba ló wo ojú ọmọ tó jẹ́ tirẹ̀ tó pè é ní àjèjì. Bí ẹ bá wọ kimono fún àwọn ọmọ yín, ẹ ti bá ìjọba náà sọ ọ́ nìyẹn. Yunifọ́ọ̀mù iléèwé tí wọ́n ń wọ̀ lójoojúmọ́, tó mọ́, tí wọ́n lọ̀ dáadáa, ni kí wọ́n wọ̀, pẹ̀lú táàgì láyà. Kò sí aṣọ mìíràn tó lè sọ ọ́ jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Ti ṣẹ́kẹ́ṣẹkẹ̀ náà, ẹ dá a padà fún ẹni tó ni ín. Ọmọ Àgbádárìgì mọ ilé ẹrú Seriki Williams Abass, ó sì mọ erékùṣù Gbẹrẹfú tí wọ́n ń kó ẹrú gbà. Bí ó bá rí irin, ohun tó ti mọ̀ tẹ́lẹ̀ ni yóò rí, ti Manzanar á sì pòórá. Ẹnikẹ́ni kò de ọmọ ní ṣẹ́kẹ́ṣẹkẹ̀ níbẹ̀. Iléèwé wà, ìwé ìròyìn wà, ọdún Kérésìmesì wà. Wáyà ẹlẹ́gùn-ún sì yí gbogbo rẹ̀ ká, ilé ìṣọ́ mẹ́jọ sì dúró létí rẹ̀, ìbọn àwọn ẹ̀ṣọ́ sì kọjú sí inú, iná ńlá á máa yí kiri lóru. Ọmọ tó dìde lọ sí ilé ìyàgbẹ́ lóru, iná yẹn á tẹ̀ lé e lọ, á tẹ̀ lé e bọ̀. Tọ́ọ̀ṣì kan tó ń kọjá lára aṣọ dúdú lọ́kọ̀ọ̀kan ti tó fún ìyẹn.

Ẹ ṣọ́ ọ̀rọ̀ tí ẹ ó kọ sára ògiri pẹ̀lú. Ẹ má pè wọ́n ní ẹlẹ́wọ̀n ogun, torí ológun tí wọ́n mú lójú ìjà là ń pè bẹ́ẹ̀. Ará ìlú ni àwọn wọ̀nyí, wọn kò gbé ẹnikẹ́ni nínú àwọn ọmọ náà lọ sílé ẹjọ́. Ẹ má sì fi àgọ́ tí Hitler ti ń pa ènìyàn wé e. "Àgọ́ àhámọ́" tí ẹ lò yẹn dára.

Bí ọmọ bá bi yín pé ṣé kì í ṣe ẹ̀rù ogun ló fà á, ẹ sọ ti Hawaii fún un. Ibẹ̀ ni Pearl Harbor wà. Àwọn tí ìran wọn ti Japan wá níbẹ̀ lé ní 150,000, wọ́n ju ìdá kan nínú mẹ́ta gbogbo olùgbé lọ, wọn kò sì kó wọn lápapọ̀, torí iṣẹ́ erékùṣù náà kò lè rìn láìsí wọn. Ní California, àwọn àgbẹ̀ funfun kan ti ń fẹ́ ilẹ̀ wọn tipẹ́. Ìgbìmọ̀ tí ìjọba Amẹ́ríkà fúnra rẹ̀ gbé kalẹ̀ jábọ̀ ní 1983 pé ẹ̀tanú ẹ̀yà, ìjayà ogun àti ìkùnà àwọn olórí ló fà á.

Nǹkan kan ṣì wà tí Gbẹ́nàgbẹ́nà kò mẹ́nu bà: nínú ọ̀pọ̀ yàrá, bàbá kò sí níbẹ̀. Láti alẹ́ ọjọ́ 7 oṣù Kejìlá ni àwọn FBI, ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́ ìjọba Amẹ́ríkà, ti ń mú àwọn olórí ẹgbẹ́, olùkọ́ èdè Japan, àlùfáà àti apẹja. Fort Missoula ní Montana jẹ́ ọ̀kan nínú ibi tí wọ́n kó wọn lọ. Ìyá nìkan ló palẹ̀ ẹrù ìdílé mọ́. Nínú ìdílé ọmọ márùn-ún yín, ẹ má yan ẹnikẹ́ni ṣe bàbá. Ẹ fi bẹ́ẹ̀dì kan sílẹ̀ lófìfo, kúbùsù rẹ̀ kí ó wà ní kíká.

Tíṣà Àjàrá

Ọlọ́run á san yín lẹ́san o. Kimono àti ṣẹ́kẹ́ṣẹkẹ̀ ti kúrò ńlẹ̀. Ó ku ọ̀rọ̀ oúnjẹ àti bí ọmọdé ṣe ń lo ọjọ́ rẹ̀. Àti èyí tó ń jẹ mí lọ́kàn jù: nínú kíláàsì wa, a ní àwọn ọmọ tí wọ́n ti wó ilé ìdílé wọn létí omi rí. Kí ni kí a ṣe fún wọn?

Alásè

Ẹ jẹ́ kí n mú ti oúnjẹ. Bárékè ìbùgbé 14 ló ń jẹ́ búlọ́ọ̀kù kan, 36 sì ni búlọ́ọ̀kù Manzanar. Búlọ́ọ̀kù kọ̀ọ̀kan ní ilé oúnjẹ kan, ilé ìyàgbẹ́ àti ìwẹ̀ tọkùnrin, tobìnrin, àti ilé ìfọṣọ. Agogo á dún, wọ́n á tò. Ní oṣù Kẹsàn-án 1942, ó lé ní 10,000 ènìyàn tó wà nínú àgọ́ náà. Owó oúnjẹ ẹnì kan lójúmọ́ kò gbọ́dọ̀ ju sẹ́ǹtì 45 lọ. Ìrẹsì, ànàmọ́ òyìnbó, ẹ̀fọ́ inú agolo àti sọ́séèjì inú agolo ló ń wá lemọ́lemọ́. Níbẹ̀rẹ̀, oúnjẹ máa ń bàjẹ́ kó tó dórí tábìlì, inú rírun sì pọ̀.

Fún ìtọ́wò ọmọ 32: agolo mílíìkì mẹ́jọ ìrẹsì, agolo sọ́séèjì kékeré márùn-ún. Méje-méje ló sábà máa ń wà nínú ọ̀kan, á kárí ní ẹyọ kọ̀ọ̀kan. Ẹ ka ara agolo dáadáa kí ẹ tó rà á, kó jẹ́ ti adìẹ, nítorí àwọn ọmọ Mùsùlùmí. Abọ́ páńda ni kí ẹ lò, ẹ má fi ata sí i. Ẹ jẹ́ kí ìlà gùn kó sì lọ́ra.

Ohun tó ṣe pàtàkì níbẹ̀ ni ibi ìjókòó. Nílé, ìdílé ń jẹun pọ̀, bàbá ń wo ẹni tó jẹ àti ẹni tí kò jẹ. Ní àgọ́, àwọn ọmọ bẹ̀rẹ̀ sí í bá ẹgbẹ́ wọn jẹun, wọ́n ń sá láti ilé oúnjẹ kan sí òmíràn. Kò pẹ́ tí ìyá kò fi mọ ibi tí ọmọ òun ti jẹun. Ọ̀pọ̀ àwọn tó jẹ́ ọmọdé nígbà náà sọ pé ibi tábìlì yẹn ni ìdílé ti bẹ̀rẹ̀ sí í tú. Nítorí náà, nígbà tí wọ́n bá gba oúnjẹ tán, ẹ pín àwọn tó ní nọ́ńbà kan náà sí tábìlì ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀. Ẹ má ṣàlàyé títí wọ́n á fi jẹun tán.

Ilé ìyàgbẹ́ kò ní ìkélé láàárín níbẹ̀rẹ̀. Àwọn obìnrin ń dúró di òru, àwọn mìíràn ń gbé páálí lọ fi ṣe ìkélé. Ẹnu ni kí ẹ fi sọ èyí, ẹ má fi ọmọ ṣeré rẹ̀.

Iléèwé bẹ̀rẹ̀ nígbà ìwọ́wé 1942. Ọ̀pọ̀ kíláàsì kò ní tábìlì, kò ní àga, ilẹ̀ ni ọmọ jókòó sí. Láràárọ̀, wọ́n ń gbé ọwọ́ sáyà, wọ́n ń jẹ́jẹ̀ẹ́ fún àsíá Amẹ́ríkà nínú ọgbà tí wáyà ẹlẹ́gùn-ún yí ká. Ọmọ tó ń ka ẹ̀jẹ́ Nàìjíríà ní àpéjọ àárọ̀ kò nílò ìtumọ̀ kankan lórí ìyẹn.

Ìyá Ìbejì

Tíṣà, lórí àwọn ọmọ etí omi: ẹ rí òbí wọn ní ọ̀sẹ̀ kan ṣáájú, ẹ sọ ohun tí yóò wà nínú yàrá gẹ́lẹ́. Ẹ jẹ́ kí ọmọ náà fẹnu ara rẹ̀ yan ibi tí yóò wà. Ẹ má pè é níwájú ẹgbẹ́ pé kó wá sọ tirẹ̀, bó ti wù kó dùn mọ́ ẹ̀kọ́ tó. Bí ó bá fẹ́ sọ ọ́, á sọ ọ́.

Fún gbogbo wọn: ìlẹ̀kùn kò gbọ́dọ̀ tì, aṣọ ni kí ẹ fi ṣe é. Ọ̀wọ́ kan kò gbọ́dọ̀ ju ìṣẹ́jú 12 lọ nínú yàrá. Kí ọmọ kankan má ṣe sọ́jà. Ọmọ ọdún méjìlá tí ẹ bá fún ní ìbọn igi yóò gbádùn rẹ̀ ju bó ṣe yẹ lọ, ẹ̀rín ni wọ́n á fi parí rẹ̀.

Ibì kan wà tó dára fún ọmọ tí kò bá fẹ́ wọ yàrá. Clara Breed jẹ́ olùtọ́jú ilé ìkàwé àwọn ọmọdé ní San Diego. Nígbà tí wọ́n ń kó àwọn ọmọ tó ń wá yá ìwé lọ́dọ̀ rẹ̀ lọ, ó lọ sí ibùdókọ̀ ojú irin, ó pín káàdì ìfìwéránṣẹ́ fún wọn, àdírẹ́ẹ̀sì rẹ̀ àti sítáǹbù ti wà lára rẹ̀. Santa Anita, pápá eré ẹṣin, ni wọ́n kọ́kọ́ kó wọn lọ. Níbẹ̀, ilé ẹṣin ni àwọn kan sùn, ẹfun ni wọ́n fi kùn ún, òórùn ìgbẹ́ ẹṣin kò sì lọ. Lẹ́yìn náà ni wọ́n tún kó wọn lọ sí àgọ́ Poston ní aṣálẹ̀ Arizona. Àwọn ọmọ ń kọ̀wé sí i, ó ń fi ìwé kíkà àti ọṣẹ ránṣẹ́. Àwọn lẹ́tà náà wà ní ilé ìṣẹ̀ǹbáyé Japanese American National Museum ní Los Angeles dòní. Ẹ gé káàdì 40, ẹ gbé tábìlì kan sí ìta yàrá, kí ọmọ tó bá fẹ́ máa pín in fún àwọn tó ń wọlé. Bí wọ́n bá jáde, ìlà márùn-ún ni kí wọ́n kọ: ohun tí wọ́n gbé, ohun tí wọ́n fi sílẹ̀, àti ẹni tí wọ́n ń kọ̀wé sí. Ẹ má fún un ní máàkì.

Bàbá Ìwé

Ẹnu ọ̀nà àbájáde ló kù. Manzanar ti ìlẹ̀kùn rẹ̀ ní oṣù Kọkànlá 1945, àgọ́ Tule Lake ló kẹ́yìn ní oṣù Kẹta 1946. Dọ́là 25 àti tíkẹ́ẹ̀tì ọkọ̀ ojú irin ni wọ́n fún ẹni tó ń lọ. Ọ̀pọ̀ kò bá ilé mọ́, àwọn mìíràn bá ẹrù wọn tí wọ́n ti fọ́ ìlẹ̀kùn kó. Ẹ̀ẹ̀kejì tí ọmọ náà máa bẹ̀rẹ̀ láti òfo nìyẹn. Ọdún 1988 ni òfin tọrọ àforíjì, tó sì fún ẹni tó bá ṣì wà láàyè ní dọ́là 20,000. Àwọn tó gbà á lé ní 82,000. Àwọn òbí wọn ti kú ní púpọ̀. Ẹ tẹ tíkẹ́ẹ̀tì àti dọ́là 25 sórí bébà, kí ọmọ kọ̀ọ̀kan gbà á bó ṣe ń jáde, kí ó sì dá táàgì padà.

Àwòrán: Dorothea Lange ni ìjọba gbà láti ya ìkólọ náà, wọ́n sì gbé àwòrán rẹ̀ pamọ́ títí ogun fi parí. Nítorí pé iṣẹ́ ìjọba ni, ẹnikẹ́ni lè tẹ̀ ẹ́ lọ́fẹ̀ẹ́ láti ìkànnì National Archives. Ẹ wá èyí tó yà ní Hayward, California, ní ọjọ́ 8 oṣù Karùn-ún 1942, ìdílé tó ń dúró de bọ́ọ̀sì pẹ̀lú táàgì láyà àwọn ọmọ. Ti Ansel Adams, ayàwòrán mìíràn, wà ní Library of Congress, ó dára, ṣùgbọ́n wọn kò jẹ́ kó ya wáyà àti ilé ìṣọ́, ẹ̀rín ló sì pọ̀ níbẹ̀. Ẹ gbé ti Toyo Miyatake sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, òun fúnra rẹ̀ wà nínú àhámọ́ ní Manzanar, ó fi lẹ́ǹsì kámẹ́rà pamọ́ wọlé, ó sì fi igi kan àpótí kámẹ́rà sí i. Ẹ má gba àwòrán kankan lórí WhatsApp, torí ti àgọ́ Jámánì ni wọ́n sábà máa ń kọ orúkọ Japan sí.

Kí ìwọ̀n rẹ̀ má kéré sí A3. Ẹ kọ ọjọ́ àti ibi sí abẹ́ rẹ̀, ẹ má kọ àlàyé. Ẹ gbé e kọ́ ní mítà 1.4 láti ilẹ̀, ibi tí ojú ọmọ JSS 2 yóò ti bá ojú ọmọ inú àwòrán pàdé.